Àyè Tí Ìyá Fi Sílẹ̀

Ní gbogbo ọjọ́ ayé Rhoda, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ka àwọn ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Bí àlejò bá béèrè pé ọmọ mélòó ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Wọ́n wà níbẹ̀, ẹ ṣeun." Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá fẹ́ pín ìrẹsì ọdún, tí wọ́n ní kí olúkúlùkù sọ iye èèyàn tó wà nílé rẹ̀, Rhoda á ní kí wọ́n bu èyí tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Ọmọ méjì ló ti sin kó tó bí Ọlábánjí, kò sì fẹ́ kí ikú tún gbọ́ iye àwọn tó kù.

Ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni ọkọ náà kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo Ìlobù ló sì ń pè é ní Bàbá Tíṣà. Ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì ló ti kàwé, kò sì ka èèwọ̀ kankan sí.

"Rhoda, Dáfídì ọba ka àwọn èèyàn Ísírẹ́lì," báyìí ló máa ń wí.

"Ẹ kà á síwájú díẹ̀ sí i, Bàbá Bánjí. Kí ló gbẹ̀yìn kíkà yẹn? Ṣebí àjàkálẹ̀ àrùn ni!"

Bàbá Tíṣà á gbà fún un, nítorí pé inú Bíbélì ni ìyàwó rẹ̀ ti mú ọ̀rọ̀ náà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1996, Ọlábánjí, àgbà nínú àwọn ọmọ wọn tó wà láàyè, ti Èkó dé. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti fẹnu kò pé nígbà tí oṣù Kejìlá bá dé, tí ìgbéyàwó àwọn òbí wọn bá pé ogójì ọdún, gbogbo ẹbí ni yóò wọ ọkọ̀ ojú omi láti Marina lọ sí Bàdágírì. Rhoda ló ń fẹ́ ẹ. Láti ìgbà tó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ti fi àwòrán etí omi Bàdágírì hàn án, níbi tí ìhìnrere ti gúnlẹ̀ sí. Odò Erinlẹ̀ nìkan ni omi tó mọ̀ láti kékeré.

"Ọkọ̀ náà máa ń tètè kún," Ọlábánjí wí. "Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, láti ìsinsìnyí ló ti ń gba àyè. Wọ́n fẹ́ mọ iye wa àti orúkọ wa."

"Láti oṣù Kẹta!" Olúwafisáyọ̀, àbíkẹ́yìn, pariwo. "Ta ló mọ ibi tí kálukú á wà nígbà yẹn?"

"Bí nǹkan bá yí padà ńkọ́?" Bàbá béèrè.

"Orúkọ ṣe é pààrọ̀, sà, títí di ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà. Àyè ni kò ṣe é dá padà. Bí ẹnì kan ò bá lè lọ, kí ẹlòmíràn jókòó sí àyè ẹ̀."

Ọlábánjí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣírò: Bàbá, Ìyá, òun, ìyàwó òun... Rhoda rọra gbá a lọ́wọ́.

"Fi ọ̀kan lé e," ó ní.

"Ìyá, a ti pé."

"Ta ló sọ fún ẹ pé a ti pé?"

"Orúkọ wo wá ni kí n fún wọn?"

Rhoda yíjú sí Wúràọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin àgbà, tó ń ṣa ẹ̀wà lórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wúràọlá tẹjú mọ́ ẹ̀wà náà bí ẹni pé orúkọ kan wà lára rẹ̀.

"Bó bá yá, á ní orúkọ," Rhoda wí.

Bàbá Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀. "Rhoda, bó bá jẹ́ ọmọ Ìfọ́n yẹn lò ń wí, gbọ́ ọ lẹ́nu mi lónìí. Ọkọ̀ kan náà kò ní gbé èmi àti òun."

Síbẹ̀, nígbà tí Ọlábánjí padà sí Èkó, àyè tó gbà fi ọ̀kan ju iye wọn lọ.

Káfíńtà ni ọmọ Ìfọ́n náà, Bámigbóyè ni orúkọ rẹ̀. Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni wọ́n bí i sí, Òṣogbo ló ní ṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún tó kọjá ni wọ́n ní kó wá tún àwọn bẹ́ǹṣì ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Wúràọlá ti ń kọ́ni ní Òṣogbo. Abẹ́ igi máńgòrò ni Wúràọlá kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ títí iṣẹ́ náà yóò fi parí. Ní ọjọ́ kejì, káfíńtà náà wá bá a níbẹ̀.

"Tíṣà, àga tiyín náà ń mì."

"Ẹ fi sílẹ̀, ó ti mọ́ mi lára."

"Ohun tó bá ń mì kò yẹ kó mọ́ èèyàn lára, mà."

Àwọn ọmọ kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí Wúràọlá dé ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, tó jókòó, àga náà dúró gbọn-in. Ọkàn rẹ̀ ni kò dúró mọ́.

Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà lọ sílé. Takisí tó ń lọ Ìfọ́n, Ìlobù ló máa kọ́kọ́ kàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Wúràọlá á sọ̀ kalẹ̀, Bámigbóyè á máa bá ọkọ̀ lọ. Nígbà tó yá, Bámigbóyè náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ní Ìlobù, á sin ín dé ẹ̀bá ọ̀nà ilé wọn, á wá fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìfọ́n. Ọ̀nà náà kò jìn. Àlejò tó bá ń kọjá kò tiẹ̀ ní mọ ibi tí ìlú kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onílùú nìkan ló mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dénú egungun.

Bàbá Tíṣà wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n jù. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Àkànó, dá oko kòkó sí ààlà ìlú méjèèjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àkànó dé oko, ó bá gbogbo kòkó náà nílẹ̀. Wọ́n ti gé e. Kò sí ẹni tó rí ọwọ́ tó gé e. Àkànó jókòó sáàárín àwọn igi náà títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tó dìde, ó gba Gáná lọ, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di òní. Ìyá wọn sunkún rẹ̀ wọ ilẹ̀. Bàbá Tíṣà kò sunkún. Ó dá ẹjọ́ náà nínú ọkàn rẹ̀, ó sì dá Ìfọ́n lẹ́bi.

Mọ́ríátù, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Jàlálù, ni alárinà. Ọmọ Ìfọ́n ni, Ìlobù ló wá lọ́kọ, ọ̀rẹ́ Rhoda sì ni láti ọjọ́ pípẹ́. Epo pupa ló ń tà. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Tíṣà.

"Ẹ kúulé, Bàbá Tíṣà. Ẹ kú ìsinmi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá tutù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gbóná mọ́ mi lórí."

"Bó bá jẹ́ ti ọmọ Ìfọ́n, Ìyá Jàlálù, má wulẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀."

"Èmi ńkọ́? Níbo ni wọ́n ti gbé mi wá? Láti ìgbà tí mo ti ń ta epo fún ìyàwó yín, ẹ ò bi ọbẹ̀ rí pé ọmọ ìlú ibo ni."

Láti inú yàrá, wọ́n gbọ́ ẹ̀rín Rhoda.

"Ìwọ yàtọ̀," Bàbá wí.

"Kí ni mo fi yàtọ̀, sà?"

"Mo mọ̀ ẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí òun náà wọlé, kí ẹ lè mọ̀ ọ́n."

Bàbá wo ojú fèrèsé, ó wò ó pẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ohun tó sì ba Wúràọlá lẹ́rù níbi tó fara pamọ́ sí ní kọ́rídọ̀ nìyẹn.

"Mi ò lè ṣe é, Ìyá Jàlálù. Bá mi bẹ̀ wọ́n."

Ẹ̀ẹ̀kejì tí Ìyá Jàlálù wá, èsì kan náà ló gbà.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ Rhoda wú. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo, wọ́n gbé e padà wálé, wọ́n tún gbé e lọ. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀. Wúràọlá a máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

"Ìyá, ẹ ò bá má ti dá ọ̀rọ̀ àyè yẹn sílẹ̀ lójú Bàbá."

"Bàbá ẹ kì í ṣe ìkà, Wúrà. Ẹni tó bá sọ nǹkan nù síbì kan kì í fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá mọ́."

"Bí wọn ò bá gbà láéláé ńkọ́?"

Rhoda gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọwọ́ náà fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. "Má sá lọ. Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe fún mi nìyẹn. Bó o bá sá lọ, ibi tó o máa ń jókòó sí nínú ilé yìí á ṣófo. Ẹ̀rù àyè tó ṣófo ló ń bà mí. Mo ti ní méjì, ó tó mi."

"Bámigbóyè ńkọ́, mà?"

"Kò burú, mo ti gba àyè fún un." Rhoda rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì dá ẹ̀rín náà dúró. "Bàbá ẹ ló kù kó pè é."

Kò pẹ́ sígbà náà ló sùn tí kò jí.

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ ìsìnkú náà. Wọ́n ti ta tapólì sí iwájú ilé, ibẹ̀ ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì jókòó sí. Bámigbóyè wá, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ẹni tí ẹbí ìyàwó kò tíì gbà, kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ agbo ilé wọn. Ẹ̀bá ọ̀nà ló dúró sí, lẹ́yìn odi kékeré tí Bàbá fi pààlà iwájú ilé. Bí àlùfáà ṣe ń ka Sáàmù, afẹ́fẹ́ dé, òpó tapólì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Bámigbóyè na ọwọ́ méjèèjì kọjá lórí odi, ó di òpó náà mú. Ó dì í mú títí wọ́n fi kọ orin tán, tí wọ́n gbàdúrà tán, omi tapólì sì ń dà sí i lọ́rùn. Wúràọlá rí i. Kò lè dìde, kò lè pè é. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ àbúrò rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára pósí ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ìsìn parí, Bàbá Tíṣà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ibi òpó náà.

"O ṣeun, ọmọ mi. Mo ti ń wò ẹ́ láti àárọ̀." Ó na ọwọ́ sí i lórí odi, Bámigbóyè sì fi ọwọ́ kan gbà á. "Ọmọ ta ni ẹ́?"

Bámigbóyè ì bá sọ pé Òṣogbo lòun ti ń ṣiṣẹ́. Ì bá sọ pé káfíńtà ilé ẹ̀kọ́ lòun. Òótọ́ sì ni yóò jẹ́.

"Bámigbóyè ni mí, sà. Láti Ìfọ́n. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá wa."

Bàbá kò bú u. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ náà bí ẹni tó fara kan ohun gbígbóná, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i, ó wọlé. Bámigbóyè kò fi òpó sílẹ̀. Àfìgbà tí ẹni tó kẹ́yìn kúrò lábẹ́ tapólì kó tó tú ọwọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Wúràọlá lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Bámigbóyè ń fá pákó. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́, Yésúfù, àbúrò bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ.

"Bàbá mi Yésúfù ti sọ̀rọ̀," ó wí, kò gbójú sókè. "Wọ́n ní àwọn ti rán alárinà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ò ní máa kan ilẹ̀kùn tó tì lójoojúmọ́. Bí ọdún yìí bá fi parí tí bàbá yín ò dáhùn, wọ́n á wá ìyàwó fún mi ní Ìfọ́n."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Kí ni kí n sọ? Àwọn ló bọ́ mi, tó wọ̀ mí láṣọ. Wúrà, kọ́ọ̀tù wà ní Òṣogbo níbí. Ká kàn lọ fọwọ́ síwèé."

Wúràọlá jókòó sórí àkójọ pákó. Ó rò ó. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó rò ó dáadáa. Ó rí ara rẹ̀ nínú yàrá kan ní Òṣogbo pẹ̀lú ọkùnrin yìí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó sì tún rí bàbá rẹ̀ nídìí tábìlì, òun nìkan, tó ń fi ṣíbí ro ọbẹ̀ tí kò jẹ.

"Mi ò lè sin ìyá mi tán kí n tún sin bàbá mi láàyè," ó wí.

Ìfági dúró. "Ó dáa."

"Ṣé inú ń bí ẹ?"

"Inú ò bí mi. Ó rẹ̀ mí ni."

"Ṣé o máa lè dúró?"

Bámigbóyè gbójú sókè, ojú rẹ̀ pọ́n. "Wúrà, mo dúró nínú òjò. Kí ló tún kù tí mi ò ní lè dúró nínú ẹ̀? Bàbá mi ló sọ pé ó di ìparí ọdún, èmi kọ́."

Ṣùgbọ́n bí Wúràọlá ti ń lọ sílé nínú takisí, iyèméjì wọ̀ ọ́. Ọmọ tó lè kọ ọ̀rọ̀ àgbà tó tọ́ ọ, ṣé òun náà máa fẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Bó bá dúró de òun, ó ti já Yésúfù kulẹ̀. Bí kò bá dúró, kí ló kù?

Nígbà tí oṣù Kọkànlá ń parí lọ, Ọlábánjí dé láti Èkó. "Bàbá, ọjọ́ tí wọ́n ní ká má pààrọ̀ orúkọ mọ́ ti kù díẹ̀. Àyè méjì ló ṣófo báyìí. Bàbá ìyàwó mi fẹ́ bá wa lọ, ọ̀rẹ́ mi kan náà sì..."

"Orúkọ ìyá yín kò ní yí padà," Bàbá wí.

"Bàbá, ẹni tó ti kú..."

"Mo mọ ẹni tó ti kú, Bánjí. Ilé mi ni wọ́n ti gbé e jáde."

Ọlábánjí tẹrí ba. "Ẹ má bínú, sà. Ìkejì wá ńkọ́? Èyí tí kò lórúkọ?"

Bàbá ní kó lọ sinmi. Ọlábánjí sùn mọ́jú, ó padà lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ọyẹ́ fẹ́ gan-an, gbogbo ètè ló là. Wúràọlá gbé oúnjẹ sórí tábìlì, ó tẹ́ abọ́. Bàbá wo àwọn abọ́ náà. Ọ̀kan ti lé. Wúràọlá ti gbé ti ìyá rẹ̀ kalẹ̀ láì mọ̀. Ó sáré na ọwọ́ láti mú un kúrò.

"Fi sílẹ̀," Bàbá wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Jókòó. Kí ni ìyá ẹ sọ fún ẹ nípa àyè yẹn?"

Wúràọlá kò jókòó, ó kúnlẹ̀. "Wọ́n ní kí n má sá lọ. Wọ́n ní ẹ̀rù àyè tó ṣófo ló ń ba àwọn."

"Rhoda," Bàbá wí, bí ẹni tó ń pe ẹni tó wà ní yàrá kejì. Ó yíjú padà sí Wúràọlá. "Ọmọkùnrin yẹn, ní ọjọ́ òjò, kí ló dé tí kò purọ́ fún mi? Ì bá purọ́, mi ò ní mọ̀. Ǹ bá ti súre fún un lójú gbogbo èèyàn."

"Ìdí tí kò fi purọ́ náà nìyẹn, sà. Kò fẹ́ jí ìre yín gbà."

Bàbá fi ọwọ́ nu ojú. Wúràọlá kò mọ ibi tí ìgboyà ti wá, àfi bó bá jẹ́ pé láti inú abọ́ tó ṣófo yẹn ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Nígbà tí wọ́n gé kòkó Bàbá Àkànó, ta lẹ rí?"

Kò sí ẹni tó bi í léèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ kò bi í, ìyàwó rẹ̀ kò bi í. Nígbà tí ohùn rẹ̀ wá jáde, ó kéré bí ohùn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò mọ ìdáhùn.

"Mi ò rí ẹnikẹ́ni." Ó tún un sọ. "Láti ọjọ́ yìí wá, Wúrà, mi ò rí ẹnikẹ́ni."

Ó dìde nídìí oúnjẹ, ó wọ yàrá. Ní ọjọ́ kejì, ó dé fìlà, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Wúràọlá rò pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ló bá lọ. Nígbà tó ń bọ̀, ó yà sílé Ìyá Jàlálù lọ ra epo. Ìyẹn náà kò yà á lẹ́nu.

Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa lọ sí Èkó, ṣọ́ọ̀bù Bámigbóyè wà ní títì. Ó lọ lọ́jọ́ Ajé, ó wà ní títì. Ó tún lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àgádágodo náà ló bá. Ó gbé orí lé ilẹ̀kùn pákó náà díẹ̀, ó gbóòórùn igi, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé Yésúfù kò dúró de ìparí ọdún. Kò sunkún. Ó lọ sílé lọ di ẹrù.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nígbà tí wọ́n dé etí omi ní Marina. Wúràọlá kò rí omi tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí, ó ń dán, ó ń mí bí ohun abẹ̀mí. Ìyá ì bá wà níbí, ó rò ó, ì bá ti pe Erinlẹ̀ ní ọ̀gọ̀dọ̀ ojú ọ̀nà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kingsley ló ń kó èrò sínú ọkọ̀. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ ní adùn omi ibòmíràn.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin mélòó ni?" Ó na ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. "Mo fẹ́ kà yín."

"A kì í kà wọ́n," Bàbá Tíṣà wí. "Màá pè wọ́n."

Ó nà ró tántán lórí pákó etí omi náà, ó gbé ohùn tó fi ń pe àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láyé àtijọ́.

"Ọlábánjí!"

"Mo wà níbí, sà!"

Ó pe ìyàwó Ọlábánjí, ó pe àwọn ọmọ wọn, àwọn yẹn sì fi ẹ̀rín jẹ́ ẹ. Ó pe Wúràọlá. Ó pe Olúwafisáyọ̀. Bí ó ti ń pè wọ́n ni wọ́n ń kọjá lórí pákó wọnú ọkọ̀.

"Rhoda," ó wí.

Omi ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Kingsley ṣí fìlà rẹ̀. Ọlábánjí wo ilẹ̀. Wúràọlá gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Wọ́n wà níbí, sà."

Bàbá mi orí. Ó yọ gèlè kan láti inú àpò agbádá rẹ̀, gèlè ìyàwó rẹ̀ aláwọ̀ aró, ó na án sí Wúràọlá. Wúràọlá tẹ́ ẹ sórí àyè kan. Àyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wò ó.

Bàbá kò tíì wọlé. Ó yíjú padà sí títì.

"Bámigbóyè!"

Wúràọlá rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ó dìde, ọkọ̀ mì, ó di irin mú. Lẹ́yìn ọgbà irin tó yí etí omi ká, níta gbangba, ló rí i. Aṣọ funfun ló wọ̀. Ìyá Jàlálù dúró lápá kan rẹ̀, Yésúfù bàbá rẹ̀ sì dúró lápá kejì nínú agbádá, bí ẹni tó wá sí ilé àna.

"Mo wà níbí, sà."

"Kí lò ń ṣe níta?" Bàbá béèrè. "Lọ́jọ́ òjò, ìta lo wà. Lónìí náà, ìta lo wà. Ó tó gẹ́ẹ́. Wọlé."

Bámigbóyè wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó olómi náà pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Yésúfù, tó tẹ̀ lé e wọlé, náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Bàbá di agbádá rẹ̀ mú.

"Rárá o, ẹ dìde. Ẹ fi í pamọ́ di Ìlobù. Ibẹ̀ lẹ ó ti dọ̀bálẹ̀ títí ẹ̀yìn á fi ro yín."

"A gbà, àna wa," Yésúfù wí. "Ẹ̀yìn wa wà níbẹ̀."

"Bàbá Tíṣà!" Ìyá Jàlálù pariwo láti ìta. "Ọkọ̀ tẹ́ ẹ ní kò ní gbé ẹ̀yin àti òun dà o?"

"Ìwọ obìnrin yìí, gbẹ́nu ẹ dákẹ́, kí n tó ní kí wọ́n gbé ìwọ náà!"

"Ẹ má gbé mi! Omi ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ ọ́n." Ó wá wọlé dé etí pákó, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ fún Wúràọlá: "Bàbá ẹ ló rán mi, láti ọjọ́ tí wọ́n lọ tẹ ẹ̀gbọ́n ẹ láago ní Òṣogbo pé kó fi orúkọ ọmọ yìí sí i. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ, ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní bí àwọn ará Ìfọ́n ò bá wá, kójú má tì ẹ́ láàárín èrò."

Ìgbà yẹn ni Wúràọlá sunkún, fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fún ìyá rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọkọ̀ kúrò létí omi. Bámigbóyè jókòó sí àyè tí kò lórúkọ láti oṣù Kẹta, gèlè Rhoda wà lápá ọ̀tún rẹ̀, Bàbá Tíṣà sì jókòó lódì kejì gèlè náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ọlábánjí na ìka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹbí rẹ̀: "Oókan, eéjì, ẹẹ́ta..." Bàbá rọra fi ọwọ́ bo ìka náà.

"Ìyá yín àgbà kì í jẹ́ ká kà yín," ó wí. "Mo máa ń rò pé ẹ̀rù ikú ló ń bà á." Ó wo omi. "Àṣé ó mọ̀ pé a ò tíì pé ni."

Bí wọ́n ṣe dé àárín omi, afẹ́fẹ́ dìde, gèlè náà gbé apá sókè bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Kí ẹnikẹ́ni tó ta pútú, Bámigbóyè ti na ọwọ́, ó ti dì í mú. Bàbá Tíṣà wo ọwọ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe di gèlè náà mú títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí Bàdágírì.